Lẹ́tà Méjì, Iṣẹ́ Kan: Bí Orúkọ Iṣẹ́ Ṣe Ń Darí Owó Oṣù Àwọn Tó Ń Kọ Sọ́fítíwíà

Ká ní ọmọ méjì jọ jáde ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún kan náà, tí wọ́n sì jọ gbé yàrá kan ní Lágere. Ọ̀kan gba lẹ́tà iṣẹ́ tó pè é ní Junior Developer. Èkejì gba èyí tó pè é ní Software Engineer II. JavaScript, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, ni àwọn méjèèjì ń kọ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí oṣù parí, owó ẹnì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹnì kìíní. Ìyá ẹnì kìíní, tó ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà, fẹ́ mọ ohun tí ọmọ òun kò kọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́.

Ó ṣeé ṣe kó má sí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ dọ́gba, kó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo lórí lẹ́tà ló fa gbogbo ìyàtọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun ni, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́n ń pàdánù owó lórí ohun tí ìbéèrè méjì ì bá ti yanjú kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé.

Orúkọ, ìpele, gbèdéke: kí ni wọ́n?

Orúkọ iṣẹ́ ni ohun tí wọ́n pè yín nínú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́: Frontend Developer, Software Engineer, Tech Lead. Ìpele ni àtẹ̀gùn tí ilé iṣẹ́ fi yín sí nínú ìwé tiwọn. Ẹ lè má rí i lórí lẹ́tà rárá. Gbèdéke owó ni iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù tí wọ́n ti fẹnu kò sí fún ìpele kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni wá fún intafíù.

Orúkọ ló ń tọ́ka sí ìpele, ìpele ló ń mú gbèdéke wá, inú gbèdéke ni wọ́n sì ti ń yọ owó oṣù yín. Ẹni tó bá ń dúnàá dúrà lórí owó nìkan, tí kò bèèrè ìpele, ti fi ibi tí owó gan-an wà sílẹ̀.

Ní Ifẹ̀, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì. Ẹni tó bá ní olùkọ́ yunifásítì nínú ẹbí mọ̀ pé àtẹ̀gùn méje ló wà: Graduate Assistant, Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, Professor. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀ nínú òṣùwọ̀n kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe. Bákan náà, nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà àti èyí tó wà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì náà, ní Ifẹ̀, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wọn owó wọn, torí abẹ́ ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n wà. Ẹ sọ ìpele fún akọ̀wé owó, á sọ owó fún yín.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kan àtẹ̀gùn tirẹ̀, ó sì ń pè é lórúkọ tó bá wù ú. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ yòókù ti ṣẹ̀.

Kí ló dé tí Programmer àti Developer kì í gba owó kan náà?

Orúkọ iṣẹ́ ní apá méjì. Apá kan ń sọ irú iṣẹ́, apá kejì ń sọ ìpele. Nínú "Senior Backend Developer", Backend Developer ni irú iṣẹ́, Senior ni ìpele.

Ti irú iṣẹ́ dà bí ohun tí ẹ máa rí lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì: ẹnì kan ń tú ẹ́ńjìnnì, ráwaya ń wo iná ọkọ̀, páńẹ́lì bítà ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Frontend ń ṣe ohun tí ojú oníbàárà ń rí. Backend ń ṣe ohun tó wà lẹ́yìn, lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti níbi tí wọ́n ń kó dátà pa mọ́ sí. Full Stack ń ṣe méjèèjì. Mobile ń kọ áàpù orí fóònù. DevOps ń rí i pé sáfà kò kú àti pé kóòdù tuntun, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, dé ọ̀dọ̀ oníbàárà láìba nǹkan jẹ́. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti ṣọ̀wọ́n ni owó máa ń tẹ̀ sí. Bí ẹ bá ń kọ backend, tí lẹ́tà yín sì ní Web Designer, ẹni tó ń wá oníṣẹ́ backend kò ní bá yín pàdé, ẹni tó bá sì bá yín pàdé á fi owó Web Designer lọ̀ yín.

Àpẹẹrẹ kan tó hàn gbangba wà ní Amẹ́ríkà. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń ka iye iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ níbẹ̀, Bureau of Labor Statistics, ya Computer Programmer sọ́tọ̀ sí Software Developer. Nínú òǹkà wọn ti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bí a bá to gbogbo programmer sórí ìlà láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ń gba dọ́là 99,700 lọ́dún. Ti software developer jẹ́ dọ́là 132,270. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ dọ́là 32,570. Nínú ìtumọ̀ tiwọn, programmer ni ẹni tó ń sọ ètò tí ẹlòmíràn ti là sílẹ̀ di kóòdù; developer ni ẹni tó ń wádìí ohun tí oníbàárà nílò, tó sì la ètò náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan náà ló máa ń ṣe méjèèjì nígbà púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn kíyè sí èwo ni wọ́n máa kọ sórí ìwé.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹni tó bá dé láàárọ̀ tó ní "lébírà ni mí", owó lébírà ni wọ́n á kà fún un nírọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù í tò ju bíríkìlà lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Orúkọ tó mú wá ni wọ́n sanwó lé lórí.

Ẹ̀kan péré lórí ọ̀rọ̀ Engineer: lẹ́tà tó pè yín ní Software Engineer kò sọ yín di "Engr." Ẹni tí COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìyẹn síwájú orúkọ rẹ̀.

Kí ló ya Junior sọ́tọ̀ sí Senior gan-an?

Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń kọ ọdún sínú ìpolówó: ọdún méjì, ọdún márùn-ún. Àmì lásán ni ọdún. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí iṣẹ́ tí wọ́n lè gbé fún yín kí wọ́n sì lọ sùn ṣe tóbi tó.

Ẹ jẹ́ ká mú áàpù kan tí àwọn ọlọ́jà ní Sábó á fi máa gba owó. Wọ́n fẹ́ fi bọ́tìnì "Sanwó" sí i.

Wọ́n á ya àwòrán bọ́tìnì náà fún Junior, wọ́n á sọ ibi tó máa gbé e sí àti ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Á kọ ọ́, ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó wà láàárín, tí wọ́n sábà ń pè ní Mid-level tàbí Software Engineer II, "a fẹ́ máa gba owó látorí káàdì" nìkan ni wọ́n á sọ fún un. Á so áàpù pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ ìsanwó, á ṣe ojú ewé rẹ̀, á dán an wò, á gbé e jáde.

Senior ni ẹni tó máa bèèrè kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan pé: bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lẹ́yìn tí báńkì ti yọ owó, tí áàpù ò sì tíì gbọ́ èsì ńkọ́? Oníbàárà á tún bọ́tìnì tẹ̀. Owó á jáde lẹ́ẹ̀mejì, ariwo á sì sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, á ní kí wọ́n fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí kò ní yí padà. Bí nọ́ńbà kan náà bá tún dé, sáfà á dá a mọ̀, á dá èsì àkọ́kọ́ padà, kò ní yọ owó mọ́. Lẹ́yìn náà ni á pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù, á sì kọ ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀ má bàa tú u palẹ̀.

Kóòdù tí Senior fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́jọ́ náà lè má tó ìdajì ti Junior. Wàhálà tí kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Tó bá wá di òkè Senior, bíi Staff àti Principal, ọ̀rọ̀ kọjá áàpù kan, ó di ti ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ ṣe nǹkan lọ́nà kan náà. Ọ̀nà ti Engineering Manager yà sọ́tọ̀: èèyàn ló ń bójú tó, kò sì di dandan kí owó rẹ̀ ju ti Staff lọ.

Ṣé Senior níbí ni Senior lọ́hùn-ún?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ilé tó sọ ọ́.

Ní Google, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele tí wọ́n ń pè ní L3, L5 sì ni Senior. Ní Amazon, L4 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pè é ní SDE I (Software Development Engineer). L5 wọn jẹ́ SDE II, tí kò tíì dé ipò Senior. L6 ni Senior tiwọn. Ní Microsoft, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 59, Senior sì wà ní 63 àti 64. Ní Meta tó ni Facebook, "Software Engineer" ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní E3 àti àgbà tó wà ní òkè rẹ̀ dáadáa. Ìpele inú ìwé ló ń sọ owó. Bí àwọn ilé ńlá bá yàtọ̀ síra tó báyìí, ẹ wá ro ti ilé iṣẹ́ ènìyàn mẹ́fà tó wà ní òpópónà Mayfair, tí kò tíì kọ àtẹ̀gùn kankan sílẹ̀.

Báwo ni ìyàtọ̀ kékeré ṣe ń di ńlá?

Ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣírò. Ká ní ìpele kìíní ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti ₦400,000 dé ₦600,000 lóṣù, ìpele kejì láti ₦550,000 dé ₦850,000. Ẹni méjì wọlé lọ́jọ́ kan náà, wọ́n fi oníkálukú sí ìsàlẹ̀ ìpele tirẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé owó àwọn méjèèjì.

Owó ẹnì kìíní á lọ láti ₦400,000 sí ₦440,000, sí ₦484,000, sí ₦532,400. Ti ẹnì kejì á lọ láti ₦550,000 sí ₦605,000, sí ₦665,500, sí ₦732,050. Àlàfo tó jẹ́ ₦150,000 nígbà tí wọ́n dé ti di ₦199,650 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ojúsàájú. Orí owó tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń bù kún, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kò sì ní lé ẹnì kejì bá láéláé bí ìpele rẹ̀ kò bá yí padà.

Ẹ tún kíyè sí i pé gbèdéke méjèèjì wọnú ara wọn. Ẹni tó wà lókè ìpele kìíní, ní ₦600,000, ń gba ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele kejì ní ₦550,000. Ìdí nìyẹn tí Junior kan fi lè máa gbówó ju ẹni tí wọ́n ń pè ní Mid-level lọ. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti kan àjà. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n lè sọ pé kò sí àfikún, tàbí kí wọ́n fún un lówó ẹ̀ẹ̀kan tí kò wọnú owó oṣù. Ẹnì kejì ṣì ní ₦300,000 lókè rẹ̀ tó lè gùn.

Oyè dípò owó: kí ló burú nínú rẹ̀?

Ẹni tó jẹ Ọbalúfẹ̀ ní Ifẹ̀, Olóyè ni. Ẹni tí ẹgbẹ́ àdúgbò fi jẹ Bàbá Ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ àríyá, Olóyè ni wọ́n ń pe òun náà. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tó máa gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n kan.

Ilé iṣẹ́ kékeré tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń fi oyè dí àlàfo. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú á di CTO, ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní ilé iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún kan ààbọ̀ á di Senior. Inú ẹbí á dùn. Ìṣòro rẹ̀ á yọjú nígbà tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bó bá kọ̀wé fún iṣẹ́ ìpele kejì, ẹni tó ń ka ìwé á rò pé owó rẹ̀ á ti pọ̀ jù, á sì fi ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá kọ̀wé fún iṣẹ́ Senior, wọ́n á bi í ní irú ìbéèrè bọ́tìnì "Sanwó" tó wà lókè yìí, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá wá gbà á, ìpele tó bá ìdáhùn rẹ̀ mu ni wọ́n á fi í sí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Owó ìpele kejì ní ilé iṣẹ́ tó dúró dáadáa sábà máa ń ju owó CTO ènìyàn mẹ́ta lọ.

Bí irú oyè bẹ́ẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe yí i padà nínú CV. Ilé iṣẹ́ tuntun lè pe ti àtijọ́ láti bèèrè orúkọ iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ fi ṣe é, irọ́ kékeré sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ kọ orúkọ náà bó ṣe wà, kí ẹ fi iye ènìyàn inú ẹgbẹ́ sí i, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe jáde níbẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ fún SIWES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, "IT student" ni wọ́n ń pè é kódà bó bá jẹ́ òun ló kọ gbogbo wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Kọ́pà tó ń kọ sọ́fítíwíà, kọ́pà náà ni. ₦77,000 tí ìjọba àpapọ̀ ń san kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tí ilé iṣẹ́ bá fi kún un ló kù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó kúrò níbẹ̀, kó gba lẹ́tà tó sọ iṣẹ́ tó ṣe ní pàtó.

Ìlú tí ẹ ń gbé, ọ̀rọ̀ Contractor, àti ìwé ìrìnnà

Ilé iṣẹ́ kan náà, orúkọ kan náà, owó lè yàtọ̀ nítorí ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé. GitLab, ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà kan, fi èyí sínú ìlànà owó tí gbogbo ayé lè kà. Ẹni tó ń ti Iléṣà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Èkó gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá gbèdéke Èkó ni wọ́n fi ń ṣírò owó òun. Wọ́n á ní ilé kò wọ́n ní Iléṣà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dátà, sólà àti kọ̀ǹpútà kò ní iye ti Iléṣà lọ́tọ̀.

Orúkọ tó yẹ kó gbà yín lọ́kàn jù ni Contractor, ìyẹn ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn láìjẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà san ìdá 8. Orí owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé. Bí mẹ́ta yẹn bá jẹ́ ₦400,000 nínú owó oṣù yín, ₦40,000 ni ilé iṣẹ́ ń fi pa mọ́ fún yín lóṣooṣù. Contractor kì í rí i. Kì í sábà ní ìsinmi olówó, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń san owó orí. ₦500,000 Contractor kéré ju ₦500,000 òṣìṣẹ́ lọ.

Fún àwọn tó ń wo òkè òkun: ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní kóòdù fún irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ètò ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn, 2134 ni ti àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, kóòdù kọ̀ọ̀kan sì ní iye owó tí agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ẹ ó máa ṣe ló ń mú kóòdù wá. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìtọ́nisọ́nà kan jáde ní 2017 tó mú kó ṣòro fún ẹni tí ìwé rẹ̀ ní Computer Programmer ní ìpele owó tó kéré jù láti gba H-1B, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà. Wọ́n fagi lé e ní 2021.

Kí lẹ máa bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé?

Ìbéèrè méjì tó lè wọnú lẹ́tà kúkúrú kan: "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ìpele wo ni ipò yìí wà, kí sì ni gbèdéke owó ìpele náà? Kí ni ẹni tó wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e ń ṣe tí èmi kò ní máa ṣe?" Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti dé, kí ẹ tó buwọ́ lù ú, torí àsìkò yẹn ni wọ́n ti pinnu pé àwọn fẹ́ yín.

Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní àtẹ̀gùn, ẹ ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe sínú lẹ́tà, kí wọ́n sì dá oṣù tí wọ́n á tún owó wò. Ẹ wá ìlà tó sọ pé "àti iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn". Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló ní in. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni àpèjúwe iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Bí orúkọ tó wà lọ́wọ́ yín bá ti kéré ju iṣẹ́ yín lọ ńkọ́?

Ẹ kọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sílẹ̀: ohun tí ẹ gbé jáde, ọjọ́ tí sáfà kú tí ẹ gbé e dìde, ẹni tí ẹ kọ́. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpèjúwe ìpele tó wà lókè yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ọ̀gá yín ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wò lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ń dúró di ọjọ́ ìpàdé yẹn gan-an, nígbà tí wọ́n ti pín owó ọdún tán, ọ̀gá tó fẹ́ràn wọn pàápàá kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́.

Bó bá ní kò sí owó báyìí, ẹ gba ìpele tuntun, kí ẹ sì jọ dá oṣù tí owó rẹ̀ máa tẹ̀ lé e. Ẹ rí i pé wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí orúkọ tuntun, ìpele àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí tí ọ̀gá bá kàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí tí ẹ fọwọ́ ara yín yí padà lórí LinkedIn, kò sí nínú fáìlì yín, bí ilé iṣẹ́ tó ń bọ̀ bá sì pè láti wádìí, Junior Developer náà ni wọ́n á kà fún wọn.